Lè àti Gbọ́dọ̀

Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá wa wà, ní Ilé Aṣòfin ní Winnipeg,
níbi tí páìpù omi gbígbóná ti ń súfèé
bí àgbàlagbà tó ń wá bọ́tìnnì tó já.
Èmi ni mo ń tẹ ohun tí wọ́n bá sọ lókè.
Wọn ò gbà mí síṣẹ́ láti dájọ́;
etí ni wọ́n rà, wọ́n sì ra ìka mẹ́wàá mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè kan, Olórí Ilé pe Ọlọ́lá Mosúnmọ́lá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ.
Mo gbọ́ bí àga ṣe fà sẹ́yìn,
mo gbọ́ bí ó ṣe tún ọ̀fun ṣe.
Ìyẹn kì í wọ ìwé.
Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n Ìkìrun ṣì wà nídìí rẹ̀
bí iyọ̀ tó ti yòrò tí ahọ́n ṣì mọ̀.

Kò sọ̀rọ̀ ogun, kò sọ̀rọ̀ epo.
Ibùdókọ̀ ló ń sọ.
Ó ní kí wọ́n ṣí àbá òfin sí ojú ìwé kọkànlá, ìlà keje:
“Ìjọba lè gbé ẹ̀rọ amóoru sí ibùdókọ̀
tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń lò.”
Ó ní, “Olórí Ilé, ẹ jẹ́ ká yọ lè kúrò,
ká fi gbọ́dọ̀ síbẹ̀.”

(Ẹ̀rín.)

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ kò ní lẹ́tà lórí ẹ̀rọ mi.
Ó wá dárúkọ Ìyáàfin Corazon Dimaculangan,
tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń ṣíwọ́ láago méjìlá òru.
Ọkọ̀ pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta lóru ọjọ́ kan,
òtútù ti wọ ọgbọ̀n ní ìsàlẹ̀ òdo.
Ìka méjì ni dókítà gé.
“Ìka méjì,” ó tún un sọ,
“lára ọwọ́ tó ń fún ìyá ẹnì kan nínú wa lóúnjẹ.”

Mínísítà dìde: owó dà? Lè náà ti tó, ẹ gbà wá gbọ́.

Ó dá a lóhùn:
“Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní òun lè ra bàtà fún mi.
Ìyá mi ní òun gbọ́dọ̀ rà á.
Ẹ bi mí, Olórí Ilé, ta ló rà á?”

(Àtẹ́wọ́.)

Iná pupa tàn. “Òtútù kò mọ lè,” ó ń bọ̀, “kí ló dé tí àwa—”
Wọ́n pa gbohùngbohùn.
Dáàṣì kan ni mo fi síbẹ̀,
nítorí ohun tí ẹ̀rọ kò gbọ́, èmi náà kò gbọ́.

Wọ́n dìbò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbà, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ̀.
Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Orí yìnyín ni tirẹ̀ bọ́ sí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó nù ún,
ó tún gbé e wá nígbà tí ewé ń wọ́,
ó tún gbé e wá lọ́dún kejì.
Nígbà kẹrin, mi ò tẹ ẹ̀rín kankan.
Òru ti ń lọ, ebi ń pa wọ́n,
ọ̀rọ̀ náà sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá
bí ọmọ tó tẹ̀lé àlejò jáde.

Mo ti rí òfin náà ní títẹ̀.
Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀, òfin kì í dá oko orúkọ.
Gbọ́dọ̀ nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Lálẹ́ àná mo dúró ní ibùdókọ̀ wa.
Wọ́n ti gbé àpótí irin kan kọ́ sókè, wáyà rẹ̀ ṣì ń fì nínú afẹ́fẹ́.
Ẹ̀rọ náà kò tíì jó.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi díẹ̀,
mo ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi dé.